Ta ni yóò san owó agbẹjọ́rò fún òṣèré?

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín láti sọ̀rọ̀ lórí owó tí àwọn ìjọba wa ń ná lórí iṣẹ́ ọnà àti eré, nítorí mo wòye pé bí ọ̀rọ̀ náà ti ń pọ̀ sí i lẹ́nu àwọn olóṣèlú ni ohun tí ó ṣe kókó jù nínú rẹ̀ ń bọ́ sọnù. Ní ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ dá ilé-iṣẹ́ ìjọba kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ ọnà, àṣà àti ọrọ̀-ajé àwọn oníṣẹ́ àtinúdá, àwọn ìpínlẹ̀ náà kò sì gbẹ́yìn nínú ìlérí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tẹ̀lé owó náà dé ibi tí ó ń lọ yóò rí i pé ìtàgé tí a kàn fún ọjọ́ kan, aṣọ ẹgbẹ́jọdá, gbohùngbohùn àyálò, àmì-ẹ̀yẹ àti oúnjẹ àwọn àlejò pàtàkì ni ó ń gbé e mì. Nínú gbogbo rẹ̀, n kò tíì rí kọ́bọ̀ kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọjọ́ tí wọ́n bá mú akéwì lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá nítorí ohun tí ó sọ, tàbí fún ọjọ́ tí olórin bá gbọ́ orin ara rẹ̀ níbi tí ẹlòmíràn ti ń tà á.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn aṣòfin wa ní Òṣogbo gbé yẹ̀ wò ni àpò owó kan tí yóò máa san owó agbẹjọ́rò fún àwọn òṣèré, olórin, onílù, akéwì, ayàwòrán àti òǹkọ̀wé, tí kì yóò sì sí ní ìkáwọ́ gómìnà, kọmíṣọ́nnà tàbí alága káńsù kankan. Apá kejì gbólóhùn yìí ṣe pàtàkì lójú mi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí akéwì lè bá wí ni ó di okùn àpò náà mú, a kúkú lè má dá a sílẹ̀ rárá, nítorí ọ̀nà mìíràn láti fi ra orin ìyìn ni yóò dà. Mo sì fẹ́ kí ó yé àwọn òǹkàwé pé ẹ̀tọ́ òṣèré lórí èrè iṣẹ́ rẹ̀ àti òmìnira rẹ̀ láti sọ ohun tí ó rí kì í ṣe ọ̀rọ̀ méjì tí a lè pín fún ìgbìmọ̀ méjì. Òṣèré tí kò rí jẹ nídìí iṣẹ́ tí ó ṣe, ẹni tí ó bá gbé oúnjẹ fún un ni yóò máa gbọ́ tirẹ̀.

Àwa ará Iléṣà kò ní láti rìn jìnnà kí a tó rí ẹ̀rí èyí. Olóògbé Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, ìlú yìí náà ni ó sì kú sí ní oṣù kẹwàá ọdún 2018. Ẹni tí ó bá ní tẹlifísàn láyé ọjọ́un, tàbí tí ó mọ ojú fèrèsé aládùúgbò tí ó ní in, kò lè gbàgbé táì ràgàjì ọrùn rẹ̀ àti ìgò ojú rẹ̀ tí ó tóbi ju ojú lọ. Ní ọdún 1982, ó gbé fíìmù Ọ̀run Móoru jáde, Ọlá Balógun ni ó sì darí rẹ̀. Fíìmù sinimá gidi ni, irú èyí tí ó ń gba owó ńlá kí ó tó dé iwájú òǹwòran. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí olówó rẹ̀ sì fi lè rí owó náà gbà padà ni kí àwọn ènìyàn máa ra tíkẹ́ẹ̀tì wọ gbọ̀ngàn láti ìlú dé ìlú. Kí ó tó rìn dé ibì kan ni àwọn kan ti jí i dà sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, tí wọ́n sì ń tà á káàkiri. Gbèsè ni ọkùnrin náà fi ṣe èrè. Òfin kọ́píráìtì ọdún 1970, òfin tí ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ lórí iṣẹ́ rẹ̀, ni ó wà nílẹ̀ nígbà náà. Òfin tuntun kò dé títí di ọdún 1988, nígbà tí omi ti tán lẹ́yìn ẹja.

Mo máa ń rò ó wò pé ká ní agbẹjọ́rò kan wà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí kásẹ́ẹ̀tì náà jáde, tí owó sì wà lọ́wọ́ láti gba àṣẹ ilé-ẹjọ́ kí wọ́n lọ gbẹ́sẹ̀ lé e nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù, bóyá kì bá tí bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni onígbèsè yóò fi gba agbẹjọ́rò? A ti sọ̀rọ̀ ìyìn púpọ̀ nípa rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti kú, ó sì dá mi lójú pé kì í ṣe díẹ̀ nínú àwa tí a ń yìn ín ni ó wo fíìmù náà lórí kásẹ́ẹ̀tì ayédèrú.

Ẹ gbé ti Hubert Ògúndé wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Ní ọdún 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè S. L. Akíntọ́lá fi òfin de ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ nítorí eré Yorùbá Ronú, tí wọ́n rí i pé àwọn ni ó ń bá wí. Láti ìgbà náà títí di ọdún 1966 tí Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì gbẹ́sẹ̀ òfin náà kúrò, ẹgbẹ́ Ògúndé kò gbọdọ̀ ṣeré ní agbègbè náà, Iléṣà àti Ilé-Ifẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ mìíràn ì bá ti túká. Ti Ògúndé kò túká, nítorí pé owó ẹnu ọ̀nà tí òǹwòran ń san ni ó fi kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe owó ìjọba; bí wọ́n ti lé e níhìn-ín, ó ní ọkọ̀, ó ní òṣèré, ó sì ní àwọn òǹwòran tí ń dúró dè é ní àwọn apá mìíràn ní Nàìjíríà. Àwọn tí ó fẹ́ fi ebi pa ẹnu rẹ̀ mọ́ kò rí ọ̀nà. Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni Ògúndé, a kò sì lè fi ìwọ̀n tirẹ̀ wọn àwọn òṣèré kéékèèké, pàápàá láyé ìsinsìnyí tí ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn sinimá ti di ilé ìjọsìn, tí owó ẹnu ọ̀nà sì ti di ìtàn fún ẹgbẹ́ tí ó bá wà ní ìlú bíi tiwa.

Àwọn kan yóò ní níwọ̀n ìgbà tí owó bá ti jẹ́ ti ìjọba, òmìnira kò lè sí nínú rẹ̀ láéláé. Kò rí bẹ́ẹ̀, Ilé-Ifẹ̀ tí ó wà nítòsí wa yìí sì ni ẹlẹ́rìí mi. Ní ọdún 1968, Ọlá Rótìmí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìtàgé ní Orí Olókun, láàárín ìlú, lábẹ́ Yunifásítì Ifẹ̀. Ní ọdún 1977, Wọlé Ṣóyínká gbé Opera Wonyosi sórí ìtàgé ní yunifásítì kan náà, eré tí kò fi bò rárá pé àwọn alágbára ayé owó epo rọ̀bì ni òun ń fi ṣe ẹ̀sín, nígbà tí àwọn ológun sì wà lórí oyè. Owó ìlú ni owó yunifásítì. Ohun tí ó mú kí ó ṣeé ṣe ni pé owó náà gba ọwọ́ ìgbìmọ̀ àti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọjá kí ó tó dé ìtàgé, kì í ṣe gómìnà ni ó ń jókòó yan eré tí wọn yóò ṣe. Irú ọwọ́ tí ó dúró láàárín bẹ́ẹ̀ ni mo ń wá fún àpò owó yìí.

Ó yẹ kí n sọ ibi tí èmi fúnra mi gbà wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Èmi ni akápò ẹgbẹ́ kékeré kan ní Òkèṣà níhìn-ín, ẹgbẹ́ onílù, akéwì àti òṣèré, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí a máa dá owó oṣooṣù, kí a sì máa dúró ti ara wa nígbà ìnáwó. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa kéwì níbi àjọyọ̀ kan lẹ́bàá Ẹ̀rẹ̀jà. Gọ́tà kan tí wọ́n gbẹ́ dé ìdajì tí wọ́n sì fi sílẹ̀ ni ó kéwì lé lórí; kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó ṣàpèjúwe agbádá ẹni tí ó gba iṣẹ́ náà dáadáa débi pé ẹ̀rín pa gbogbo ìjókòó. Ẹnìkan yà á sórí fóònù, ó sì gbé e sórí Facebook. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, àwọn kan tí kò wọ aṣọ iṣẹ́ wá gbé ọmọ náà nílé ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí a dé àgọ́ ọlọ́pàá tí wọ́n gbé e lọ, wọ́n ní ohun tí ó ṣe lè da àlàáfíà ìlú rú. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé ọ̀fẹ́ ni béèlì. Ìsàlẹ̀ àkọlé náà gan-an ni ẹni tí ń bá wa ṣírò owó jókòó sí. Agbẹjọ́rò tí a pè béèrè owó tí yóò fi gbéra. N kò bá a jà, òun náà ní ilé tí ń bọ́. Kí a tó kó owó náà jọ, wọ́n ti fi ọmọ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti fọwọ́ sí ìwé kan pé òun kò ní ké ewì náà mọ́ níbikíbi, òun kò sì ní sọ ohun tí ó lè bí àwọn àgbà ìlú nínú mọ́.

Kò sí adájọ́ kan tí ó rí ìwé náà. Abala 39 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 fún gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti ní èrò tirẹ̀ kí ó sì sọ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n bébà kan ṣoṣo tí wọ́n ya láti inú ìwé akẹ́kọ̀ọ́, tí ọmọ tí ebi ń pa fọwọ́ sí lórí bẹ́ńṣì ọlọ́pàá, ti borí abala náà. Bí agbẹjọ́rò bá wà níbẹ̀ ní wákàtí àkọ́kọ́, ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ fún un ni pé kí ó má fọwọ́ sí nǹkan kan. Láti ìgbà náà, oríkì àwọn olówó ni ọmọ náà ń kì, ó sì mọ̀ ọ́n kì. Nígbà tí mo fẹ́ kọ ohun tí a ná sínú ìwé ìṣirò ẹgbẹ́, owó ọkọ̀, owó oúnjẹ, owó káàdì fóònù, àti èyí tí n kò lè dárúkọ, kò sí àkọlé kankan nínú ìwé náà tí ó bá a mu. Abẹ́ “Àìsàn àti Ìsìnkú” ni mo kọ ọ́ sí.

Bí ẹnìkan bá rò pé mo ń tẹnu mọ́ agbẹjọ́rò ju bí ó ti yẹ lọ, kí ó wo ti ọ̀dọ́ olórin kan ní Kánò. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, ilé-ẹjọ́ Ṣàríà kan dájọ́ ikú fún un nítorí orin tí ó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, tí wọ́n ní ó jẹ́ ọ̀rọ̀ òdì sí ẹ̀sìn. Kò ní agbẹjọ́rò nígbà tí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà. Nígbà tí àwọn agbẹjọ́rò gbà á rò, tí wọ́n sì pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, Ilé-Ẹjọ́ Gíga ìpínlẹ̀ náà wọ́gi lé ìdájọ́ náà ní oṣù kìíní ọdún 2021, ó ní kí wọ́n tún ẹjọ́ gbọ́, àìní agbẹjọ́rò yìí sì wà lára ìdí rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ẹjọ́ ti ń gòkè títí dé Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ. N kò fẹ́ wọ inú àríyànjiyàn ẹ̀sìn. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé òfin kan náà ni ó wà nílẹ̀ kí agbẹjọ́rò tó dé àti lẹ́yìn tí ó dé, ẹ̀mí ènìyàn sì wà láàárín ìgbà méjèèjì.

Irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ lè so èso fún ẹgbẹ̀lẹ́gbẹ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ní oṣù kẹta ọdún 2019, àjọ NBC tí ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifísàn bu owó ìtanràn ₦500,000 lé ilé-iṣẹ́ 45 lórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ aláìgbára-lé-ìjọba kan tí ń jẹ́ Media Rights Agenda gbé àjọ náà lọ sí ilé-ẹjọ́, ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Àbújá sì dájọ́ pé àjọ náà kò ní agbára láti máa bu owó ìtanràn fún ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifísàn. Ṣùgbọ́n agbára láti sọ pé kí wọ́n má gbé orin kan sáfẹ́fẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ wọn, ẹni tí ó sì tún kàn ní oṣù kẹrin ọdún 2025 ni Eedris Abdulkareem, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Iléṣà bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Kánò ni wọ́n ti bí i. Àjọ náà kọ̀wé sí àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifísàn pé kí wọ́n má ṣe gbé orin tí ó fi bá ọmọ Ààrẹ sọ̀rọ̀ sáfẹ́fẹ́. Olórin tí ó ti lórúkọ tó bẹ́ẹ̀ yóò jàǹfààní nínú ariwo náà, àwọn ènìyàn yóò lọ wá orin rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí kò tíì lórúkọ ni irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ń pa, nítorí pé ọ̀gá rédíò kékeré tí ó ń bẹ̀rù fún ìwé àṣẹ rẹ̀ kò ní dúró kí lẹ́tà dé kí ó tó yọ orin kúrò.

Ní ti ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́, òfin wa kò burú mọ́. Òfin Kọ́píráìtì ọdún 2022, tí Ààrẹ Bùhárí fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, dáàbò bo ìwé, orin àti iṣẹ́ ọnà ní gbogbo ọjọ́ ayé ẹni tí ó ṣe é àti fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ó fún àwọn tí ń ṣeré, títí kan onílù àti akọrin, ní ẹ̀tọ́ lórí eré tí wọ́n ṣe. Ó tún gba oníṣẹ́ láyè láti kọ̀wé sí àwọn tí ń gbé nǹkan kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí wọ́n yọ iṣẹ́ òun tí ẹlòmíràn gbé síbẹ̀ láìgbàṣẹ.

Ẹ wá wo ọjà. Ṣọ́ọ̀bù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Atákúnmọ́sà tí wọ́n ti ń fi orin sórí mẹ́mórì káàdì. Mo yà síbẹ̀ láìpẹ́ yìí. Ọmọkùnrin tí ó jókòó nídìí kọ̀ǹpútà ṣí fáìlì kan tí ó pè ní “Iléṣà Mix”, orin àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ wọn, ó sì fi ọ̀wọ̀ béèrè lọ́wọ́ mi bóyá gbogbo rẹ̀ ni mo fẹ́ tàbí ìdajì. Ọmọlúàbí ni, kò mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe burú, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún un. Àwọn tí ó burú jù ni àwọn tí kò sí ní ọjà rárá. Onílù lù níbi ìkómọ, ẹni tí ó ń ya àwòrán gbé gbogbo rẹ̀ sórí ojú-ewé YouTube ti ara rẹ̀, ó sì ń gba owó ìpolówó ọjà lórí rẹ̀ lóṣooṣù, nígbà tí onílù ń fi fídíò náà han àwọn ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀ pé òun ti délé ayé. Mákẹ́tà fíìmù yóò gbé ìwé àdéhùn wá ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, òṣèré yóò fọwọ́ sí i nítorí owó ilé ìwé ọmọ, kò sì ní mọ̀ títí tí yóò fi kú pé ohun tí òun tà kì í ṣe ìgbà kan, gbogbo ọjọ́ ayé ni. Lẹ́tà méjì láti ọwọ́ agbẹjọ́rò ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ yìí ń fẹ́, kì í ṣe ẹjọ́ ọlọ́dún mẹ́wàá.

Àwọn tí ó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ òfin yóò sọ pé Àjọ Ìrànlọ́wọ́ Lórí Ọ̀rọ̀ Òfin ti ìjọba àpapọ̀ wà. Ó wà, mo sì kí wọn fún iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí owó tí ó ń wọlé fún un kò ju owó oṣù tí ó kéré jù lọ ni wọ́n ń ràn lọ́wọ́, ìyẹn ₦70,000 láti ọdún 2024. Onílù tí ó rí ₦100,000 ní oṣù Kejìlá tí òde pọ̀, tí kò sì rí nǹkan kan títí di àjọ̀dún Àjíǹde, ọ̀dọ̀ ta ni yóò lọ?

Owó láti òkè òkun náà wà. Freemuse ní Dẹ́ńmáàkì ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà káàkiri ayé. ICORN tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Nọ́wè ní ọdún 2006 ń wá ìlú ààbò fún òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà tí ẹ̀mí wọn wà nínú ewu. UNESCO ní àpò owó kan lábẹ́ àdéhùn ọdún 2005 lórí oríṣiríṣi àṣà, tí Nàìjíríà náà fọwọ́ sí. N kò fojú tẹ́ńbẹ́lú èyíkéyìí nínú wọn. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé ni ẹni tí ó fẹ́ gba ti UNESCO gbọdọ̀ fi kọ̀wé, ẹgbẹ́ tàbí ilé-iṣẹ́ tí ó ní ìwé ni wọ́n sì ń fún, ìlú ààbò náà sì ń gba ẹni tí nǹkan ti burú fún débi pé kò lè sùn sílé rẹ̀ mọ́. Ọmọ tí ó kéwì lórí gọ́tà kò fẹ́ lọ sí Nọ́wè. Ó fẹ́ kí òun máa gbé ní Iléṣà, kí òun sì ké ewì òun ní Iléṣà. Ohun mìíràn ni pé gbàrà tí wọ́n bá gbọ́ pé owó òyìnbó wà nínú ọ̀rọ̀ kan, àwọn tí a ń bá wí ti rí ẹnu sọ pé aṣojú òyìnbó ni akéwì.

Owó náà lè wá láti ilé. Òfin Kọ́píráìtì fàyè gba kí wọ́n máa gba owó lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe àti àwọn tí ń kó ẹ̀rọ àti nǹkan tí a fi ń da orin àti fíìmù kọ wọ̀lú, kí wọ́n sì pín in fún àwọn oníṣẹ́. Irú ètò yìí ti wà nínú òfin àtijọ́, wọ́n sì gbé àṣẹ jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 2012. Ẹ jẹ́ kí Àjọ Kọ́píráìtì máa sọ fún ará ìlú lọ́dọọdún, nínú ìwé ìròyìn tí ará ìlú lè kà, iye tí ó wọlé àti iye tí ó jáde, kí a sì béèrè pé kí díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ sí owó agbẹjọ́rò ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìjọba Ọ̀ṣun lè fi ìlà kan kún ìwé ìṣúná rẹ̀; kò ní tó owó tí wọ́n ń ná lórí ìtàgé ọjọ́ kan. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n wà lẹ́yìn odi, tí wọ́n ń dáwó fún ayẹyẹ Ìwúde lọ́dọọdún, lè dá díẹ̀ sí i.

Ọwọ́ tí yóò mú un ni kí a ṣọ́. Èrò tèmi ni pé kí àwọn agbẹjọ́rò tí ẹgbẹ́ wọn ní ẹ̀ka Iléṣà yàn, àwọn olùkọ́ láti Yunifásítì Iléṣà àti ti Ifẹ̀, àti àwọn òṣèré tí àwọn òṣèré fúnra wọn dìbò yàn jókòó lé e lórí. Kí owó ọdún kan máa wọlé lẹ́ẹ̀kan náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kí ẹnikẹ́ni má lè fà á sẹ́yìn nítorí ewì oṣù Karùn-ún. Kí ẹnikẹ́ni tí ó wà nípò òṣèlú má sì sí lára wọn. Mo mọ̀ pé àwa òṣèré fúnra wa kì í ṣe áńgẹ́lì. Mo ti jókòó nínú ìpàdé tí wọ́n ti fẹ́ fi owó ìrànlọ́wọ́ ra áńkárá. Nítorí náà ni mo fi sọ pé agbẹjọ́rò ni kí a san owó fún tààrà, kí ó má gba ọwọ́ alága ẹgbẹ́ kankan kọjá, títí kan ẹgbẹ́ tiwa.

Àwọn kan yóò sọ pé a fẹ́ fi owó ìlú gbé àwọn eléèébú lẹ́yìn. Òfin ìbanilórúkọjẹ́ wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ní kí a pa á rẹ́. Ẹni tí akéwì bá purọ́ mọ́, kí ó gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́, kí adájọ́ sì gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì. Kìkì pé kí akéwì náà ní ẹni tí yóò gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀ níbẹ̀ bí olówó ti ní. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá dá a lójú kò ní bẹ̀rù èyí.

Olóòtú, ohun kan kù tí ó wà ní ìkáwọ́ yín. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ òfin tí mo ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kàn kò sì lè kà á. Mo rọ̀ yín kí ẹ wá agbẹjọ́rò tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, kí ẹ sì máa tẹ apá tí ó kan olórin, onílù àti òṣèré jáde díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní èdè wa, pẹ̀lú ohun tí ènìyàn gbọ́dọ̀ ṣe ní wákàtí àkọ́kọ́ tí wọ́n bá mú un. Bí ẹ bá gbà, ẹgbẹ́ wa yóò máa ra ẹ̀dà tirẹ̀, a ó sì máa kà á sókè ní ìpàdé oṣooṣù wa fún àwọn tí kò mọ̀wé. Mo ti bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ọ́, wọ́n sì ti fọwọ́ sí i pé kí n ṣí àkọlé tuntun fún un nínú ìwé ìṣirò.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Akápò ẹgbẹ́ òṣèré kan,
Òkèṣà, Iléṣà.